Ta Ní Ń Kọ́ Olùkọ́? Ìtàn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì Nàìjíríà lórí Àlàáfíà Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹ̀rọ Ìkọ́ni

Ìfáárà

Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní a-b-d gbọ́dọ̀ ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ NCE, ó kéré tán. Kí ó tó gbà á, yóò ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ kíláàsì, àti bí a ṣe ń dá ọmọ tí nǹkan kò dán mọ́rán fún nílé mọ̀. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ogún ọdún ní yunifásítì kò ní irú odò bẹ́ẹ̀ láti là kọjá. Bí ó bá ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó sì ní àpilẹ̀kọ díẹ̀ nínú jọ́nà, ó ti di olùkọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé Ìlànà Ẹ̀kọ́ yìí kan náà, nínú àtẹ̀jáde ti 2004, sọ pé gbogbo olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó yẹ kí ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa ọgbọ́n ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ìmúṣẹ ọ̀rọ̀ náà wà, ohun tí ó sì wu olúkálùkù ni ó ń ṣe.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òbí ni òwe yìí sábà máa ń bá wí, ṣùgbọ́n ó kan yunifásítì náà. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ohun méjì tí ó yẹ kí olùkọ́ yunifásítì kọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti mọ iṣẹ́ ìmọ̀ rẹ̀ tán: àlàáfíà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó níwájú rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí yóò fi kọ́ ọ. Láti 1948 títí di òní, ìtàn méjèèjì kò rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ rí àjọ tí ó ń náwó lé e lórí. Ẹ̀kọ́ nípa àlàáfíà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún inú rere ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ tí ó tún jẹ́ alágbàtọ́

Kí ilé-ìwé òyìnbó tó dé, ọmọ tí ó ń kọ́ Ifá ń gbé lọ́dọ̀ babaláwo tí ó ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ti agbẹ́gilére. Ní ilẹ̀ Haúsá, ọmọ tí ó ń kọ́ Kùránì ń gbé lọ́dọ̀ málàmù. Ètò yìí ní àléébù tirẹ̀: ọmọ ń ro oko ọ̀gá, ó ń pọnmi, pàṣán kò sì jìnnà sí i. Síbẹ̀, ọ̀gá mọ ọjọ́ tí ọmọ kò jẹun, ó mọ òru tí kò sùn. Kò sí bí ó ṣe lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó kan òun, pé ìyókù ayé ọmọ náà kò kan òun.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìgbé. Ní 1827 ni ìjọ C.M.S. dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown, Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 1876 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà so okùn mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Elliot, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1943, jábọ̀ ní 1945, ọ̀nà là fún kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ní Ìbàdàn àti ní Legon, ilẹ̀ Gold Coast. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n kó wá láti Yaba Higher College ni Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Kenneth Mellanby, nínú ọgbà tí ó ti jẹ́ ilé-ìwòsàn ológun ní Ẹlẹ́yẹlé. Yunifásítì London ni ó ń fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà, ó ń jẹun ní gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kan sì jẹ́ alábòójútó ilé tí ó ń gbé. Nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kéré níye, olùkọ́ mọ orúkọ wọn, ó mọ ìlú wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí bí wọn yóò ṣe tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ẹni tí ó rí i pé ó pọn dandan. Ètò ilé gbígbé ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èyí ni gbòǹgbò ìṣòro tí ó yọjú lẹ́yìn náà: wọ́n gbé ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ lé ilé àti iye ènìyàn lórí, wọn kò gbé e lé ìmọ̀ olùkọ́.

Orí tí ó ń gbóná

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ wá láti Abẹ́òkúta. Ní ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Àró, T. Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954 tí ó fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ ìdílé ní àwọn abúlé àyíká, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láàárín ẹbí àti ará. Ní Àró yìí kan náà ni Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà, ti ṣàkíyèsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn tí ó jọra. Orí ń gbóná, tàbí kí nǹkan máa rìn nínú rẹ̀. Ojú ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé. Wọ́n kàwé, kò yé wọn. Ohun tí ó yé wọn, wọn kò rántí rẹ̀ mọ́. Àkókò ìdánwò ni ìṣòro náà máa ń le jù. Ní 1960 ni Prince tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn fi ń pe àìsàn náà ni ó lò: brain fag.

Ohun tí Prince rò pé ó fà á ṣe kókó fún olùkọ́. Ó ní ẹrù ìdílé wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹbí dáwó jọ fún, tí gbogbo agbo ilé sì ń retí èrè rẹ̀. Ó tún ní ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó, níbi tí ẹnìkan yóò ti dá jókòó ti ìwé ní òun nìkan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, yàtọ̀ sí bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe ń kọ́ nǹkan láàárín ẹgbẹ́ àti ẹbí. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ilé-ìwòsàn. Ó kan bí olùkọ́ ṣe ń pín iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, bí ó ṣe ń ṣètò ìdánwò, àti bóyá ó fi àyè sílẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́ alájọṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni oògùn orun nìkan kò lè wo orí tí iṣẹ́ kíláàsì ń gbóná.

Ṣùgbọ́n ìwé oníṣègùn ni àbọ̀ náà wọ̀. Ó dé inú ìwé àtòjọ àìsàn ọpọlọ ti àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ní 1994, níbi tí wọ́n ti kà á mọ́ àwọn àìsàn tí àṣà kan pàtó ń bí. Ní 2009, àwọn oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà, B. A. Ọlá, O. Mórákinyọ̀ àti A. Adéwùyà, gbé ìbéèrè dìde bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ kan wà tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àtòjọ Amẹ́ríkà ti 2013 kò ní i mọ́ láàárín àwọn àìsàn aláṣà. Nígbà tí ó di 2020, Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé fi hàn pé àwọn ará Bìrìtìkó ti ń lo orúkọ náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àárẹ̀ ọpọlọ tí àkàjù ìwé ń fà. Ohun tí ayé kà sí àìsàn ọmọ Áfíríkà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ara rẹ̀ kò yá ní 1960 ní ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ yanturu nínú èdè rẹ̀: orí mi ń gbóná, ọkàn mi pòrúurùu, ara mi kò lélẹ̀, ìrònú fẹ́ẹ̀ pa mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí ó bi í ní ohun tí ó ń pe ìnira náà nílé. Ọgọ́ta ọdún kọjá kí ìwádìí tó tú orúkọ náà sí wẹ́wẹ́.

Nígbà tí èrò kún ilé

Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba yàn ní 1959, jábọ̀ ní 1960. Ní ọdún náà ni Yunifásítì Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Nsukka. Ní 1962, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó tẹ̀lé e, Ìbàdàn sì di yunifásítì tí ó dá dúró. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n bí iye akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni ilé gbígbé tí ó ń ṣe iṣẹ́ alágbàtọ́ ń dín agbára kù. Àwọn yunifásítì ṣí ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn, wọ́n sì yan olórí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó dára ni, àmọ́ ó ní ohun tí ó mú dání: olùkọ́ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí wò ó pé ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ọ́fíìsì tirẹ̀.

Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń fi ẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ilé gbígbé kan. Ọlọ́pàá yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú sì kú. Gíwá yunifásítì náà nígbà náà ni Lambo, ẹni tí ó dá ètò Àró sílẹ̀. Ọkùnrin tí ayé mọ̀ sí olùtọ́jú ọkàn ni ó wà lórí àga, síbẹ̀ ètò ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ọ̀nà tí ẹ̀hónú lórí ìjẹun yóò fi parí sórí tábìlì ìjíròrò. Ìmọ̀ ẹnìkan, bí ó ti wù kí ó jinlẹ̀ tó, kò lè rọ́pò ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ yẹ kí wọ́n mọ̀. Orúkọ Adépéjú ṣì wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn.

Ní 1978, owó oúnjẹ àti ilé gbígbé tí ìjọba fi kún dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹ̀mí sì tún bọ́. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí ìjọba ti fi ètò àtúntò ọrọ̀-ajé lọ́lẹ̀ ní 1986, oúnjẹ ọ̀fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ti di ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ń se oúnjẹ ara rẹ̀ nínú yàrá tí èrò kún bí ọjà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ sá lọ sí òkè òkun. Àwọn tí ó kù ń kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún díẹ̀. Olùkọ́ tí kò lè ka iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò lè mọ èyí tí kò wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀rọ wọ kíláàsì

Àkókò tí èrò pọ̀ yìí ni ẹ̀rọ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ní 1974, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ láti òkèèrè sílẹ̀. Ní 1983, ìjọba dá yunifásítì àṣíká sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè; ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó sì di ìgbà tí ọ̀rúndún tuntun wọlé kí ó tó jí padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ lọ́nà tí yóò fi dà bí ìgbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ètò ẹ̀kọ́ láti òkèèrè wà lára àwọn ohun tí ó kọ́kọ́ mú kí olùkọ́ yunifásítì padà jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ìkọ́ni.

Owó tẹ̀lé e. Òfin ti 1993 gbé owó orí ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ láti san. Òfin ti 2011 sọ àjọ tí ń ṣàkóso rẹ̀ di TETFund. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi lọ sí àpérò, tí wọ́n fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ilé kọ̀ǹpútà sì dìde nínú ọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Àjọ Tí Ń Bójú Tó Yunifásítì, NUC, nígbà tí Peter Okebukola jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọgbọ́n ìkọ́ni. Ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ ni, nítorí pé ó jẹ́wọ́ pé oyè ọ̀mọ̀wé nìkan kò sọ ènìyàn di olùkọ́.

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ti rí àpẹẹrẹ mìíràn ṣáájú èyí. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ní ti yunifásítì, àwọn onímọ̀ kóra jọ láti wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ́ lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yorùbá. Èso rẹ̀ ni ìwé Ẹ̀dè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìdìpọ̀ kejì ní 1990. Olùkọ́ ń kọ́ olùkọ́ ni.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò tètè gbọ́ Yorùbá. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ tàbí ọ tí ó bá gbé àmì ohùn lérí kò ní àyè ọ̀tọ̀. Àmì ni a óò so mọ́ lẹ́tà. Kí fọ́ǹtì tó mọ ìyẹn í ṣe dáadáa, olùkọ́ lè tẹ ìbéèrè ìdánwò sílé, kí ó dé ilé ìtẹ̀wé kí gbogbo rẹ̀ ti di wúruwùru. Ọ̀pọ̀ pa àmì ohùn tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ní ìrísí kan náà nínú ìwé olùkọ́ rẹ̀ yóò gbà pé àmì kò ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ African Languages Technology Initiative ní Ìbàdàn wà lára ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tún èyí ṣe. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tí kò mẹ́nu ba ohun tí olùkọ́ èdè ń kọ́ ni yóò fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìdánwò ńlá

Ní oṣù kẹwàá 2019, BBC gbé fíìmù ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn olùkọ́ kan ní yunifásítì méjì, ọ̀kan ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Gánà, ṣe ń fi ìbálòpọ̀ lọ àwọn ọmọbìnrin. Ariwo ta. Ẹnu òfin àti ìjìyà ni ọ̀rọ̀ náà kún jù lọ, ìyẹn sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé agbára tí olùkọ́ ní lórí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọ bí yóò ṣe lò ó, láti ọjọ́ tí ó bá ti gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni gbé ẹ̀kọ́ wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn ti ìjọba wà nínú ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìyanṣẹ́lódì mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 2022, ó sì gba oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀tọ́ olùkọ́ àti owó yunifásítì ni wọ́n ń jà fún, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ti lo ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀ láìlo kún kíláàsì. Ohun tí ó bá pàdé nígbà tí ó dé ni sáà ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún pọ̀, ìdánwò lórí ìdánwò. Àwọn àpérò tí àjàkálẹ̀ àrùn bí fún olùkọ́ sọ̀rọ̀ gan-an lórí bí a ṣe ń lo Zoom àti Google Classroom. Bí a ṣe ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdádúró ti sú padà kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ gba ìbuwọ́lùwé, ó sì rọ́pò òfin tí orísun rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà amúnisìn ní 1916. Òfin náà sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn di ohun tí a lè tọ́ka sí. Kíláàsì yunifásítì ṣì ń retí irú rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ dúró nígbà tí ètò ilé-ẹ̀kọ́ gbé e ró, ó sì wó nígbà tí ètò náà wó, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbé e sínú ìmọ̀ olùkọ́. Ilé gbígbé kékeré ti 1948 kò tún ní í padà wá. Ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀ ni olùkọ́ tí ó ti kọ́ àwọn nǹkan díẹ̀ tí kò le: bí a ṣe ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń rì, ohun tí a lè sọ fún un, ibi tí a óò darí rẹ̀ sí, àti ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ parí sí kí ti oníṣègùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà tí ó kó èrò jọ lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà lè fi ẹni tí kò wá hàn kíákíá ju ojú lọ, bí olùkọ́ bá mọ ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn tí ó bá rí i.

Iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ẹ̀ka èdè nìkan lè ṣe. Ẹ̀dè-ìperí gírámà ti wà láti 1984. Kò sí ìdí tí irú ìpàdé kan náà kò fi lè ṣa ọ̀rọ̀ ìnira ọkàn jọ, ní Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀dó, Tífì àti àwọn yòókù, pẹ̀lú àlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ ọ́, kí wọ́n sì fi í lé àwọn tí ń dá olùkọ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Nígbà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tí ó ní ara òun kò lélẹ̀, olùkọ́ tí ó gbọ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibà ni ó ń sọ, yóò sì fún un ní àga.